Àwọn Tó Ti Jáwọ́ Nínú Sìgá: Ọgbọ́n Wo Ni Wọ́n Dá?



Ní oṣù keje ọdún 2013, iléeṣẹ́ Gallup, tó máa ń wádìí èrò aráàlú ní Amẹ́ríkà, gbé èsì kan jáde nípa àwọn tó ti mu sìgá rí ṣùgbọ́n tí wọn kò mu ún mọ́. Wọ́n ti bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọ́n gbà jáwọ́. Ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáhùn pé àwọn kàn jáwọ́ lójijì ni: ọjọ́ kan dé, wọ́n pa iná rẹ̀, wọn ò tún tan òmíràn mọ́. Ìdá 5 péré ló dárúkọ bébà oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ìdá 3 ló dárúkọ sìgá oníbátìrì.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Á ní kí amusìgá kàn pinnu, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ oògùn, nọ́ọ̀sì àti ìmọ̀ràn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì fi ń bú ẹni tí kò tíì rí i já: wọ́n ní aláìnípinnu ni, wọ́n ní kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Iye tí wọ́n bá kà sódì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Nítorí náà, ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti tú irú iye bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kí gbogbo ilé tí tábà ti wọ̀ lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Tábà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Kétu wa yìí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Kí sìgá tó dé rárá, àwọn Potogí ti ń kó tábà láti Bahia ní Bràsíìlì wá sí etíkun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí. Ewé tí wọ́n kà sí ìpele kẹta ni, èyí tí wọn kì í kó lọ tà ní Lisbon. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi omi ìrèké dúdú pa á, wọ́n á wá fi ra ènìyàn ní Ouidah àti ní Àjàṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé nì, Pierre Verger, tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní ọdún 1953 tí wọ́n sì sọ ní Fátúnbí, ṣe ìwádìí gígùn lórí òwò yìí, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1968. Àwọn ọmọ Kétu wà lára àwọn tí ọkọ̀ kó lọ sí Bahia. Títí dòní, ẹ̀ka ẹ̀sìn Candomblé tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ń jẹ́ Ketu. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ tábà ní agbègbè yìí rántí pé ara owó tí wọ́n fi ra àwọn baba ńlá wa ni.

Láti ìgbà náà ni tábà ti ń yí ojú padà. Àwọn kan ń jẹ ewé rẹ̀ lẹ́nu, àwọn kan ń fi ìkòkò fà á, àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà ń fín aṣáà símú tàbí kí wọ́n fi há ẹ̀yìn ètè, àwọn ọ̀dọ́ sì gbá sìgá mú. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 2006, ó sì tún ṣe èyí tó le jù ú lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, òfin 2017-27, tó kan bí wọ́n ṣe ń ṣe tábà, bí wọ́n ṣe ń dì í, bí wọ́n ṣe ń tà á àti ibi tí wọ́n ti lè lò ó. Nàìjíríà, tó wà lẹ́yìn ibodè níbí, ṣe tirẹ̀ ní 2015. Òfin dára, ó sì yẹ ká tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú yàrá lóru tí ọkùnrin kan bá jí lójijì tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá páálí lábẹ́ ìrọ̀rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n jíjáwọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwádìí kan tó mú àríyànjiyàn wá lórí ọ̀ràn yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1986, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè lórí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń lo tábà. Dókítà Michael Fiore àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú èsì náà palẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1990 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé nínú ẹni 10 tó rí sìgá já, nǹkan bí 9 ló dá a ṣe láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún rí ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: láàárín ọdún 10 tó ṣáájú, nínú ọgọ́rùn-ún tó dá gbìyànjú fúnra wọn, 47.5 ló rí i já. Nínú ọgọ́rùn-ún tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ètò ìjáwọ́, 23.6 péré ni.

Ṣé ètò ìrànlọ́wọ́ ló wá ń ba nǹkan jẹ́ ni? Rárá o. Àwọn tó kọ ìwádìí náà fúnra wọn ṣàlàyé ibi tí ìdí wà. Àwọn tó wá ìrànlọ́wọ́ lọ jẹ́ àwọn tí sìgá ti mú mọ́lẹ̀ jù, àwọn tó ń mu 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tó jẹ́ pé wọ́n ti dá gbìyànjú títí, tí ó sú wọn. Bí ẹnìkan bá ka iye ènìyàn tó kú ní ilé ìwòsàn ńlá, tó ka iye tó kú ní ìdí àtẹ olóògùn ojú ọjà, ti ilé ìwòsàn ni yóò pọ̀ jù. Kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò torí ìyẹn sọ pé kí wọ́n máa gbé aláìsàn tó le lọ sí ìdí àtẹ.

Ohun kejì tún wà tí kì í hàn lójú ẹsẹ̀, ó sì tọ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwádìí mọ̀ ọ́n. Ká sọ pé àwọn amusìgá 1,100 ní ìpínlẹ̀ Plateau ti Benin, tí Kétu wà nínú rẹ̀, pinnu lọ́jọ́ kan náà láti jáwọ́. Ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn dá a ṣe, nítorí kò sí oògùn nítòsí, kò sì sí ẹni tó bá wọn sọ ọ́. Ọgọ́rùn-ún yòókù rí oògùn àti nọ́ọ̀sì tó ń bi wọ́n léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká tún sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó dá a ṣe, 4 ló rí i já, àti pé ìrànlọ́wọ́ sọ iye náà di 8, ìyẹn ni pé ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, ènìyàn 40 ni yóò ti jáwọ́ láàárín àwọn tó dá a ṣe, 8 láàárín àwọn tó rí ìrànlọ́wọ́. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Bí akọ̀ròyìn bá wá dé, tó béèrè lọ́wọ́ àwọn 48 yìí pé báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, 40 nínú wọn, ìyẹn ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ni yóò dáhùn pé, “Èmi nìkan ni mo dá a ṣe.” Ìwé ìròyìn á gbé e pé dídá a ṣe ló borí. Bẹ́ẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ló lágbára ju dídá a ṣe lọ ní ìlọ́po méjì gan-an.

Gbogbo ẹni 960 tó dá gbìyànjú tí kò rí i já, akọ̀ròyìn náà kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù nìyẹn. Ìwádìí lórí àwọn tó ti jáwọ́ ń gbọ́ ohùn ẹni tó ṣẹ́gun nìkan. Ohùn ẹni tó ṣubú kì í sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹni yẹn gan-an ló nílò ìmọ̀ràn.

Ọdún tí ènìyàn jáwọ́ náà ṣe pàtàkì. Ṣíńgọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì, ìyẹn èròjà inú tábà tó ń di bárakú, gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní 1984, bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ sì tẹ̀ lé e ní òpin 1991. Ẹni tó bá jáwọ́ ní 1975, kí ni ì bá tún lò yàtọ̀ sí ọkàn rẹ̀? Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kún inú irú ìwádìí yìí, wọ́n sì ń fi ohùn tiwọn kún iye àwọn tó dá a ṣe.

Àwọn mìíràn tún wà tí ìrántí wọn ti ké ìtàn náà kúrú. Láàárín 2014 sí 2016, àwọn oníwádìí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn béèrè lọ́wọ́ àwọn amusìgá 15,943 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìyànjú láti jáwọ́ pé kí ni wọ́n lò. Ìdá 74.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló lo ju ọ̀nà kan lọ nínú ìgbìyànjú kan náà. Ìdá 65.3 sọ pé àwọn dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ìdá 62 sì sọ pé àwọn ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò ó: ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún lọ, tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ló ṣe méjèèjì. Bí ọdún mẹ́wàá bá ti kọjá lórí irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, ohun tí olúwarẹ̀ yóò rántí ni ọjọ́ tó pa sìgá ìkẹyìn. Á ti gbàgbé pé ìyàwó òun ló kó páálí sọnù, pé òun ti kọ́kọ́ dín in kù láti 20 sí 5, pé ọ̀rẹ́ kan ń bá òun rìn jáde ní gbogbo alẹ́.

Bí ìrántí àwọn tó ṣẹ́gun kò bá tó, níbo ni ká wá wò? Ìdáhùn rẹ̀ ni ìdánwò tó dúró dáadáa: wọ́n á pín àwọn amusìgá sí méjì láìṣe ojúsàájú, wọ́n á fún apá kan ní ohun kan, wọ́n á fún apá kejì ní òmíràn, wọ́n á sì ka gbogbo ènìyàn, ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tó ṣubú. Wọn kì í sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lásán. Wọ́n máa ń yẹ itọ́ tàbí èémí wò, nítorí ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ pé òun ti padà sídìí rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn le díẹ̀ láti gbọ́. Ní 2004, John Hughes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí lórí àwọn tó dá gbìyànjú láìsí ìrànlọ́wọ́ jọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, 3 sí 5 péré ló ṣì dúró lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì padà láàárín ọjọ́ 8 àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú ara: nikotíìnì ń dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ènìyàn bá fà á, agbára rẹ̀ sì ń dín kù sí ìdajì láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Ọpọlọ tó ti mọ́ ọn lára á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Inú á máa bí ènìyàn láìnídìí, oorun á dá, ebi á máa pa á lódìlódì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló burú jù; bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ti kọjá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ìyàwó tó bá mọ èyí á mọ̀ pé ìbínú ọkọ òun ní ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń jà.

Ṣé kí ènìyàn gé e lójijì ni, àbí kí ó máa dín in kù? Ní Engiláǹdì, Nicola Lindson-Hawley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pín amusìgá 697 sí méjì. Apá kan dín tiwọn kù fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dá a dúró, apá kejì dá a dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gé e lójijì ló ṣì dúró, ìdá 39.2 ni àwọn tó dín in kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó di 22 sí 15.5. Nítorí náà, àwọn ará Amẹ́ríkà tó dá Gallup lóhùn kò ṣìnà: gígé e lójijì dára. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé gbogbo àwọn 697 yìí, ọ̀tún àti òsì, ló ní nọ́ọ̀sì tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, wọ́n sì ní oògùn nikotíìnì lọ́wọ́. Gígé lójijì àti dídá nìkan wà jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ènìyàn lè gé e lójijì kí ó sì ní ẹni tó ń mú un lọ́wọ́.

Oògùn ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìtọ́jú jáde ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2024, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ jáwọ́ nínú tábà. Wọ́n fọwọ́ sí àwọn oògùn nikotíìnì, varenicline, bupropion àti cytisine. Cytisine yìí, láti ara igi kan ni wọ́n ti ń rí i, àwọn ará Bọ̀lùgéríà sì ti ń tà á láti 1964. Nígbà tí Robert West dán an wò ní Poland lára ènìyàn 740, tí èsì sì jáde ní 2011, ìdá 8.4 ló ṣì dúró lẹ́yìn ọdún kan, tí àwọn tó gba oògùn òfìfo, tí kò ní èròjà kankan nínú, sì jẹ́ ìdá 2.4. Oògùn kò sọ ogun náà di eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ó yí i padà gan-an. Àjọ kan náà sọ pé ó ju mílíọ̀nù 750 ènìyàn lágbàáyé tó ń lo tábà tí wọ́n fẹ́ jáwọ́, àti pé ìdá 70 nínú wọn kò ní ohun ìrànlọ́wọ́ tó múná dóko nítòsí. Òótọ́ tó le ni fún abúlé tó jìnnà sí ìlú ńlá. Bí olóògùn bá tilẹ̀ ní i, owó rẹ̀ lè ju ti sìgá ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe oògùn nìkan, ibí yìí gan-an ni Odòmẹ́ta, arọ́ńdísímáà wa ní ilẹ̀ Kétu, lè bẹ̀rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1979, Michael Russell tẹ ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn arọ́ńdísímáà mọ̀. Dókítà 28 ló kópa, pẹ̀lú aláìsàn 2,138 tó ń mu sìgá. Wọn kò bá àwọn kan sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 0.3 péré ló ti jáwọ́. Àwọn kan, dókítà wọn fi ìṣẹ́jú kan sí méjì sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́, ó fún wọn ní ìwé pélébé, ó sì kìlọ̀ pé òun á padà béèrè. Ìdá 5.1 nínú wọn ló jáwọ́. Ìṣẹ́jú méjì! Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́. Ẹnu àgbà tí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún ni, àti ìlérí pé ẹnìkan á padà béèrè. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, agbẹ̀bí tó ń bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn láti ojúlé dé ojúlé, kò sí èyí tí kò lè ṣe é nínú wọn.

Fóònù náà wà níbẹ̀. Ìdánwò kan ní Bìrìtìkó tó jáde ní 2011 fi ọ̀rọ̀ ìtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìdajì nínú amusìgá 5,800: ọ̀rọ̀ ìgbani-níyànjú lójoojúmọ́, pẹ̀lú èsì kíákíá fún ẹni tó bá kọ pé ọkàn òun ti ń fà sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 10.7 nínú wọn ló ti jáwọ́ pátápátá, wọ́n sì yẹ ara wọn wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ìdá 4.9 ni àwọn yòókù. Odòmẹ́ta kò nílò láti dúró de Cotonou kí ọmọ tó mọ̀wé máa fi ohùn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp láràárọ̀, ní èdè tí bàbá gbọ́.

Ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ náà tún lágbára. Nicholas Christakis àti James Fowler tẹ̀ lé ènìyàn 12,067 ní Framingham, ní Amẹ́ríkà, láti 1971 dé 2003. Bí ọkọ tàbí aya bá jáwọ́, àǹfààní pé ẹnìkejì á máa mu sìgá lọ dín kù ní ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rẹ́ bá jáwọ́, ó dín kù ní ìdá 36. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá jáwọ́, ìdá 25. Ńṣe ni agbo ènìyàn ń jáwọ́ pa pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé “èmi nìkan ni mo dá a ṣe” lè má mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti kọ́kọ́ kúrò ní ìdí rẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń fi iná fún un mọ́ níbi ayò.

Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ẹ̀sìn, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wádìí ní ilẹ̀ Kétu fi í sí iwájú. Ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1947, ka tábà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ, yálà fífà ni tàbí fífín. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun náà wọ inú agbo tí kò ti sí sìgá. Àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀ oṣù kan gbáko nínú ọdún láìfi sìgá kan ẹnu láti àfẹ̀mọ́jú dé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ẹni tó lè ṣe wákàtí mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá fún ọgbọ̀n ọjọ́ ti mọ̀ pé ara òun lè gbà á. Ohun tó kù ni alẹ́. Ìmáàmù tó bá sọ èyí ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn Ràmàdáánì, tó sì ní kí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ máa jókòó pa pọ̀ lẹ́yìn àṣámù, ti ṣe irú ohun tí àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù ṣe.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ènìyàn ni yóò sọ irú ìdáhùn tí wọ́n máa gbà. Ní 2012, iléeṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ìwádìí àgbáyé lórí tábà, èyí tó jẹ́ pé ìlànà kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Wọ́n rí i pé ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ìyẹn mílíọ̀nù 4.5 ènìyàn, ló ń lo tábà. Ọkùnrin jẹ́ ìdá 10, obìnrin ìdá 1.1. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn amusìgá ló ní in lọ́kàn láti jáwọ́. Èyí yẹ kó dá ẹni tó ń pè wọ́n ní aláìbìkítà lẹ́kun. Ohun tó wúlò nínú ìlànà ìwádìí náà ni pé ó béèrè nípa oògùn ìbílẹ̀, ó béèrè nípa ìmọ̀ràn, ó tilẹ̀ béèrè bóyá ṣe ni ènìyàn fi sìgá sílẹ̀ tó wá gba tábà tí kò ní èéfín. Èyí ìkẹyìn kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó kúrò nídìí sìgá tó wá di aláṣáà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ nikotíìnì, aṣáà sì ní ewu jẹjẹrẹ tirẹ̀.

Ìwádìí kékeré tí Odòmẹ́ta lè ṣe fún ara rẹ̀ kò nílò owó ńlá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Yunifásítì Àgbẹ̀ ní Kétu, àwọn olùkọ́ wà níbí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti jáwọ́ nìkan. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbìyànjú tí kò rí i já. Kí wọ́n béèrè nípa gbogbo ìgbìyànjú, kì í ṣe èyí tó kẹ́yìn. Kí wọ́n ka aṣáà mọ́ sìgá, kí àwọn ìyá àgbà má bàa sọnù nínú ìṣirò. Kí wọ́n béèrè nípa àgbo, àdúrà, àwẹ̀, ìyàwó, ọmọ, àìsàn, owó. Àgbo tí ẹnìkan lò tó sì jáwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé àgbo náà ló ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dán an wò láé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ti gbìyànjú tó sì ti ṣubú. Ní 2016, Michael Chaiton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ontario, ní Kánádà, ṣírò iye ìgbìyànjú tí amusìgá kan máa ń ṣe kí ó tó rí i já pátápátá. Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń sọ pé 5 sí 7. Ìṣirò tó kéré jù lọ nínú tiwọn mú nǹkan bí 6 wá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbà pé ó sún mọ́ òótọ́ jù jẹ́ nǹkan bí 30. Ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọ̀nà ló ṣì wà. Èrè rẹ̀ kò sì kéré. Richard Doll àti Richard Peto tẹ̀ lé dókítà ọkùnrin 34,439 ní Bìrìtìkó láti 1951 fún àádọ́ta ọdún. Ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 30 ọdún gba nǹkan bí ọdún 10 ẹ̀mí padà; ẹni 40 gba 9; ẹni 50 gba 6; ẹni 60 pàápàá gba 3. Ọdún mẹ́ta tó láti rí ìgbéyàwó ọmọ, tó láti gbé ọmọ-ọmọ jó.

Kétu ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlú gbogbo sì mọ̀ pé alẹ́ ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ń ba àwùjọ jẹ́ fún ọba àti fún mẹ̀kúnnù láìbẹ̀rù. Tábà yẹ kó wà lára ohun tí ẹ̀fẹ̀ yóò máa kọ lórin.

Ẹ̀yin tó ń mu sìgá tàbí tó ń fín aṣáà, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó, ọkọ tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ sì lọ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo àgbàlagbà tó bá wọlé, kí ẹ sì padà béèrè. Ẹ̀yin tó ti já a sílẹ̀ ní Odòmẹ́ta, ní Kpankou, ní Idigny, ní Adakplamè, ní Okpomèta àti ní Kétu, ẹ̀yin ni ìwé tí a kò tíì kọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá gba ìtàn yín sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, àti ìgbà tí ẹ ṣubú pẹ̀lú.